Polo Grounds, 1908: eré Giants àti Cubs tó owó ẹ̀, ọ̀nà ìjáde ló bà á jẹ́

Ká ti ibi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń kánjú lè tètè rí ohun tó wá wò. Eré béèsìbọ́ọ̀lù tí New York Giants àti Chicago Cubs gbá ní pápá Polo Grounds, New York, lọ́jọ́ 23 Oṣù Kẹsàn-án 1908, tó owó tí èèyàn san lẹ́nu géètì. Àwọn tó wà lórí pápá mọṣẹ́ wọn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n lò kò dáa tó, rẹfirí kò pọ̀ tó, igi lásán ni gbogbo ìjókòó, àmọ́ gbogbo ìyẹn ṣeé fara mọ́ fún ọdún tí wọ́n wà. Ohun tí kò ṣeé fara mọ́ ni bí àwọn tó ni pápá ṣe ṣètò ìjáde èrò. Wọ́n gbà kí òǹwòran ya wọ inú pápá lójú ẹsẹ̀ tí eré bá ti parí, kí wọ́n gba ibẹ̀ lọ sílé. Ètò yẹn wà lára ohun tí Giants fi pàdánù ipò kìíní líìgì lọ́dún náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún 19 kan báyìí, Fred Merkle, ni wọ́n di gbogbo ẹ̀bi rù.

Fún ẹni tí eré yìí ṣàjèjì sí, ìwọ̀nba tó nílò nìyí. Igun mẹ́rin ni wọ́n gbé béèsì sí, ẹsẹ̀ bàtà 90 ni láti ọ̀kan sí èkejì. Ibi tí alùbọ́ọ̀lù dúró sí ni wọ́n ń pè ní ilé. Ajùbọ́ọ̀lù wà lórí òkìtì kékeré kan láàárín, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6 sí ilé. Ó ń ju bọ́ọ̀lù, alùbọ́ọ̀lù ń fi igi lù ú. Ẹni tó bá lù ú tí kò sí ẹni tó hán an, á sáré lọ sí béèsì kìíní, á ti ibẹ̀ lọ sí kejì àti kẹta bí àyè bá ṣe yọ, tó bá sì padà délé, àmì ayò kan nìyẹn. Bí wọ́n bá ti yọ èèyàn mẹ́ta lára ẹgbẹ́ tó ń lù, igi bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ìpele mẹ́sàn-án ni eré kan, ẹgbẹ́ méjèèjì á sì lù nínú ìpele kọ̀ọ̀kan.

Òfin kan wà tí ó yẹ kí a dúró tì, torí òun ló gbé gbogbo wàhálà wá. Èèyàn méjì kò lè jọ dúró lórí béèsì kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wà ní béèsì kìíní, tí alùbọ́ọ̀lù tuntun sì lù ú tó ń sáré bọ̀ níbẹ̀, dandan ni kí ẹni àkọ́kọ́ kúrò, kó lọ sí kejì. Bí ẹgbẹ́ kejì bá gbé bọ́ọ̀lù dé béèsì kejì ṣáájú rẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn, wọn ò tilẹ̀ ní láti fọwọ́ kàn án lára. Bí yíyọ yẹn bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àmì ayò èyíkéyìí tó wọlé nínú ìlù kan náà di òfo, kódà bí ẹni tó gbà á ti délé kí wọ́n tó yọ ẹni ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni òfin sọ lọ́dún 1908, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì sọ lónìí.

Pápá àti ìjókòó

Ìsàlẹ̀ òkè àpáta kan tí wọ́n ń pè ní Coogan's Bluff ni Polo Grounds wà, ní òpópónà 155 àti Eighth Avenue, lápá òkè Manhattan. Ọkọ̀ ojú irin orí afárá ń gbé èrò dé ẹ̀gbẹ́ pápá gan-an, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dáa jù níbẹ̀: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ ìlú lè fi ọ́fíìsì sílẹ̀ lọ́sàn-án kó sì bá eré. Ẹni tí kò lówó lè gun orí àpáta náà lọ wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan pápá ló máa rí.

Igi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń jó igi gbígbẹ yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí: lọ́jọ́ 14 Oṣù Kẹrin 1911, iná sọ ọ̀pọ̀ nínú ìjókòó náà di eérú, wọ́n sì fi irin àti kọnkéré kọ́ òmíràn síbẹ̀. Ìjókòó abẹ́ òrùlé lẹ́yìn ilé ló dáa jù, torí ojú ẹni tó wà níbẹ̀ máa ń rí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí lọ́wọ́ ajùbọ́ọ̀lù, béèsì kejì náà sì wà lọ́kàn-ánkán rẹ̀ tààrà. Ìjókòó tí kò lórùlé lápá ẹ̀yìn pápá rọjú, àmọ́ oòrùn ni, ó sì jìnnà.

Kò sí nọ́ńbà lẹ́yìn aṣọ ẹnikẹ́ni. Ọdún 1929 ni Yankees, ẹgbẹ́ New York mìíràn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sẹ́yìn aṣọ wọn bí àṣà. Nígbà tí à ń wí yìí, ẹnì kan tó gbé mẹ́gáfóònù lọ́wọ́ ló ń kígbe orúkọ, ẹni tó bá jìnnà kò gbọ́. Ẹni tí kò bá dá ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù mọ̀, tàbí tí kò ra ìwé orúkọ, yóò kàn máa wo àwọn ọkùnrin aláṣọ kan náà tó ń sáré kiri ni.

Bọ́ọ̀lù àti ohun èlò

Bọ́ọ̀lù ló yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ wò, torí òun ló pinnu irú eré tí èèyàn máa rí. Ìwọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tòní: áúńsì 5 sí 5¼, íǹṣì 9 sí 9¼ ní yíyípo. Inú rẹ̀ ló yàtọ̀. Rọ́bà ló wà láàárín gbùngbùn, wọ́n wé òwú irun àgùntàn mọ́ ọn, wọ́n wá fi awọ ẹṣin rán ẹ̀yìn rẹ̀. Ọdún 1910 sí 1911 ni bọ́ọ̀lù tí kọ́ọ̀kì wà láàárín rẹ̀ tó wọ inú líìgì ńlá, ìyẹn sì ń ta ju ti rọ́bà lọ nígbà tí igi bá bà á.

Àmọ́ ohun tó ń pa bọ́ọ̀lù náà jù ni ìwà ahun. Bí wọ́n bá ti mú ọ̀kan jáde, wọn ò ní pààrọ̀ rẹ̀ àfi tó bá sọnù tàbí tó ya. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sáàárín èrò, òṣìṣẹ́ pápá á lọ gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Bí eré bá ti dé ìdajì, awọ á ti tú díẹ̀, òwú inú á ti rọ̀, gbogbo ara rẹ̀ á sì ti di aláwọ̀ ilẹ̀. Ajùbọ́ọ̀lù ń tutọ́ sí i lára, òfin kò sì kọ̀ ọ́ títí di 1920. Omi tábà ń bẹ nínú itọ́ náà. Bọ́ọ̀lù tí itọ́ wà lára rẹ̀ máa ń yọ̀ lábẹ́ ìka, kò ní yí púpọ̀ bó ṣe ń bọ̀, á wá já sísàlẹ̀ lójijì bó bá kù díẹ̀ kó dé ilé. Alùbọ́ọ̀lù tó ti na igi kò lè fà á padà mọ́.

Àbájáde rẹ̀ hàn nínú nọ́ńbà. Lọ́dún 1908, ìpíndọ́gba lílù gbogbo National League, líìgì tí Giants àti Cubs wà, jẹ́ .239, ìyẹn ni pé bí alùbọ́ọ̀lù bá gbìyànjú ìgbà ẹgbẹ̀rún, igba ó lé mọ́kàndínlógójì péré ló ń já sí ohun rere. Tim Jordan ti Brooklyn ló lu bọ́ọ̀lù àlùyíká, èyí tí èèyàn fi ń yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jù lọ nínú líìgì náà. Ó lù ú ní ẹ̀ẹ̀mejìlá, ní odindi ọdún. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ tó ń retí kí bọ́ọ̀lù máa fò kọjá ògiri, ọjà tí kò sí níbẹ̀ ló wá rà. Àmì ayò kan lè tó láti fi jẹun. Nítorí bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá béèsì ló ṣe pàtàkì, kódà èyí tó dà bí ohun tí kò tó nǹkan.

Kò sì sí iná mànàmáná lórí pápá. Ọdún 1935, ní Cincinnati, ni líìgì ńlá tó gbá eré alẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ń wọ̀ ní New York ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ilẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣókùnkùn lọ kò sì dùn ún rí. Ewu gidi ni. Ní Oṣù Kẹjọ 1920, ní Polo Grounds tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn iná, bọ́ọ̀lù tí Carl Mays jù ba Ray Chapman ti Cleveland lórí, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó fọwọ́ dan-in dan-in mú pípààrọ̀ bọ́ọ̀lù tó bá ti dọ̀tí.

Ìbọ̀wọ́ awọ tí wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kò sì sí àwọ̀n láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, èyí tó dé ní nǹkan bí ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń hán an. Àṣìṣe pọ̀, ẹ má fi ojú òní wò ó. Roger Bresnahan, tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé fún Giants lọ́jọ́ náà, ní tirẹ̀, wọ ohun ìbòjúgun. Lọ́dún 1907 ló gbé e wọ pápá ní gbangba, wọ́n fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi ń wọ irú rẹ̀. Nínú gbogbo ohun èlò ọjọ́ yẹn, òun nìkan la lè sọ pé ó ṣíwájú àkókò rẹ̀.

Rẹfirí méjì

Hank O'Day wà lẹ́yìn ilé, Bob Emslie ń wo béèsì. Lónìí, mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Méjì dáa ju ẹyọ kan lọ, torí lọ́pọ̀ ìgbà nígbà náà, ẹnì kan péré ni wọ́n ń rán wá. Kí a rántí ìyẹn, torí lọ́jọ́ 4 Oṣù Kẹsàn-án kan náà, ní Pittsburgh, Cubs ń bá Pirates gbá, O'Day nìkan ni rẹfirí. Pirates gba àmì ayò tó parí eré. Warren Gill, tó wà ní béèsì kìíní, yà kúrò lọ́nà láì fẹsẹ̀ kan béèsì kejì. Johnny Evers ti Cubs gba bọ́ọ̀lù, ó tẹ béèsì kejì, ó ní kí wọ́n fagi lé àmì ayò náà. O'Day ní òun kò rí i. Cubs kọ̀wé ẹ̀sùn sí Harry Pulliam, ààrẹ líìgì, ó sì dà á nù.

Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe káràkátà eré yìí ti gbọ́ ìkìlọ̀ lọ́jọ́ náà. Àṣà tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé ni pé bí àmì ayò ìkẹyìn bá ti wọlé, ẹni tó wà lẹ́yìn á sá kúrò ní pápá kí èrò tó ká a mọ́. Òfin kò mọ àṣà yẹn. Evers mọ òfin náà dáadáa, O'Day sì ti mọ̀ báyìí pé ó yẹ kí òun máa wo béèsì kejì. Síbẹ̀, àṣà yẹn kò yí padà. Ọjọ́ 19 péré ló wà láàárín eré méjèèjì.

Eré náà fúnra rẹ̀

Ohun tí èèyàn san owó fún gan-an nìyí, kò sì sí àbùkù púpọ̀ níbẹ̀. Christy Mathewson ló ń ju bọ́ọ̀lù fún Giants. Lọ́dún yẹn, ó borí nínú eré 37, ó sì jù ju ìpele 390 lọ. Bọ́ọ̀lù tó fi lókìkí máa ń yà sí òdìkejì ibi tí alùbọ́ọ̀lù rò pé ó ń lọ, ọwọ́ ni ajùbọ́ọ̀lù fi ń lọ́ ọ síta nígbà tó bá ń fi í sílẹ̀, ó sì máa ń dun apá, ìdí nìyí tí kì í fi í jù ú lemọ́lemọ́. Jack Pfiester ló dojú kọ ọ́ fún Cubs, ọlọ́wọ́ òsì tó mọ bí a ṣe ń da Giants láàmú.

Merkle kì í ṣe ẹni tó yẹ kó wà lórí pápá lọ́jọ́ náà. Fred Tenney ló ń ṣọ́ béèsì kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ̀yìn ló ń dùn ún, wọ́n wá fi ọmọdé náà rọ́pò rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn tó máa bẹ̀rẹ̀ eré nìyẹn.

Ìpele kẹrin kọjá láìsí àmì ayò. Ní ìpele karùn-ún, Joe Tinker ti Cubs lù ú sí apá ọ̀tún. Mike Donlin ti Giants sáré wá síwájú láti hán an nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó yí lọ sẹ́yìn, Tinker sì yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká délé. Bọ́ọ̀lù àlùyíká nìyẹn láì kúrò nínú pápá, irú èyí tí bọ́ọ̀lù rọ́bà ń fúnni. Ní ìpele kẹfà, Buck Herzog ti Giants bọ́ sí béèsì kìíní, Harry Steinfeldt ti Cubs sọ bọ́ọ̀lù nù, Herzog dé ìkejì. Bresnahan rọra fi igi tọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n yọ òun kí Herzog lè dé ìkẹta. Donlin wá lù ú, Herzog wọlé. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gba àmì ayò kan yẹn: àṣìṣe kan, ẹnì kan tó fi ara rẹ̀ rúbọ, ìlù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá béèsìbọ́ọ̀lù láyé ìgbà yẹn, kó ka ìlà mẹ́ta yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà láti sọ lórí ọjà yìí. Wọ́n ń polówó rẹ̀ bí èyí tó dáa jù láyé, àmọ́ kò sí ẹni tó dúdú tí wọ́n gbà láàyè nínú líìgì náà. Rube Foster ń ju bọ́ọ̀lù fún Leland Giants, ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ ní Chicago, lọ́dún kan náà. Ní Oṣù Kọkànlá 1908, Cincinnati Reds, tí í ṣe ọmọ National League, lọ sí Havana, José Méndez, ọmọ Cuba tó dúdú, sì jẹ́ kí wọ́n lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré nínú odindi eré tí wọ́n fi òdo sí ọ̀kan pàdánù. Ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Polo Grounds rí ohun tó dáa, kò rí gbogbo ohun tó dáa.

Ìpele kẹsàn-án, àti ìjáde

Ìdajì kejì ìpele kẹsàn-án, ọ̀kan sí ọ̀kan, Giants ló ń lù. Wọ́n yọ Cy Seymour. Art Devlin lù ú, ó bọ́ sí béèsì kìíní. Moose McCormick lù ú sílẹ̀, wọ́n fi yọ Devlin ní béèsì kejì, McCormick dúró ní kìíní. Wọ́n ti yọ méjì. Merkle lù ú sí apá ọ̀tún, ìlù tó mọ́ kedere. McCormick dé béèsì kẹta, Merkle dúró ní kìíní. Al Bridwell ló kàn. Ó lù ú gba àárín gbùngbùn, bọ́ọ̀lù náà sì yá débi pé Emslie ní láti ṣubú lulẹ̀ kó má bàa bà á. McCormick sáré wọlé. Méjì sí ọ̀kan, lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Ibi tí ètò ìjáde ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń pààrọ̀ aṣọ wà lẹ́yìn pápá lọ́hùn-ún, kì í ṣe lábẹ́ ìjókòó. Òǹwòran náà, inú pápá kan náà ni wọ́n ń gbà jáde. Ìyẹn ni pé lójú ẹsẹ̀ tí eré bá parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á rọ́ wọ pápá, ọ̀nà kan ṣoṣo tí agbábọ́ọ̀lù ní láti bọ́ lọ́wọ́ wọn ni kó ti fẹsẹ̀ fẹ ẹ kí wọ́n tó dé. Merkle ti ń sáré lọ sí béèsì kejì. Ó rí McCormick tó wọlé, ó rí èrò tó ń bọ̀, ó yà kúrò lọ́nà, ó forí lé yàrá aṣọ. Ohun tí gbogbo àgbà inú eré náà ń ṣe ló ṣe.

Evers pariwo pé kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù wá. Solly Hofman ti Cubs jù ú láti àárín pápá. Joe McGinnity ti Giants, tó ń darí àwọn tó ń sáré lẹ́bàá béèsì, fura, ó já wọ inú ìjàkadì náà, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sì sọ ọ́ sáàárín èrò. Láti ibẹ̀ lọ, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ kò kò títí dòní. Ohun tó dájú ni pé kò pẹ́ tí Evers fi dúró lórí béèsì kejì pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́. Ṣé bọ́ọ̀lù tí Bridwell lù ni, àbí òmíràn tí wọ́n mú jáde nínú àpò? Àwọn Cubs ní òun ni, àwọn Giants ní irọ́ ni. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ilé, tó sanwó jù kó lè rí béèsì kejì lọ́kàn-ánkán, orí èèyàn àti fìlà ló rí.

Emslie, tó wà nílẹ̀ nígbà náà, ní òun kò rí ohun tí Merkle ṣe. O'Day ní òun rí i, kò fẹsẹ̀ kan béèsì kejì. Ó yọ ọ́. Àmì ayò McCormick di òfo, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan padà. Ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ síwájú sí ìpele kẹwàá, àmọ́ pápá ti kún fọ́fọ́, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Kò sí okùn tí wọ́n fi dá èrò dúró, ọlọ́pàá kò sì tó láti lé wọn padà. O'Day kà á sí ọ̀mì.

Lójú tiwa, ìpinnu O'Day bá òfin mu. Ohun tí a ń bá onípápá jà lé lórí ni pé wọn kò ní ohunkóhun nílẹ̀ fún ìgbà tí rẹfirí bá sọ pé eré kò tíì parí. Géètì ẹ̀gbẹ́ wà. Ká ní wọ́n dá èrò dúró sórí ìjókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, Merkle kò ní ìdí láti sá, ọwọ́ McGinnity kò ní ríbi ju bọ́ọ̀lù sí, wọ́n ì bá sì lè gbá ìpele kẹwàá kí ilẹ̀ tó ṣú tán.

Ìtọ́jú ẹ̀sùn

Ibí yìí lọ́ra. Giants ní àwọn borí, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Cubs ní kí wọ́n fún àwọn ní eré náà, torí òǹwòran Giants ló ba eré jẹ́. Pulliam kọ ti méjèèjì, ó fara mọ́ ọ̀mì. Wọ́n pe ẹjọ́ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ olùdarí líìgì, ìyẹn náà fọwọ́ sí ohun tí Pulliam sọ. Nígbà tí ìdájọ́ fi jáde tán, Oṣù Kẹwàá ti wọlé. Lẹ́yìn gbogbo eré tó kù, Giants ti borí 98, wọ́n ti pàdánù 55. Cubs náà, 98 àti 55. Ló bá di dandan kí wọ́n tún eré náà gbá lọ́jọ́ 8 Oṣù Kẹwàá, ní Polo Grounds kan náà.

Wọn kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan. Èrò pọ̀ ju ibi tí pápá lè gbà lọ, wọ́n ti géètì, àwọn tó kù síta gun ògiri, wọ́n gun àpáta, wọ́n gun òpó ojú irin orí afárá. Ọkùnrin kan já bọ́ láti orí òpó náà, ó kú. Lórí pápá, Pfiester kò lò ju ìpele kìíní lọ kí wọ́n tó fi Mordecai Brown rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rọ oko gé níka lọ́mọdé, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ń yí lọ́nà tí ti ẹlòmíràn kì í gbà yí. Tinker tún lu Mathewson, Cubs gba mẹ́rin ní ìpele kẹta, ó parí sí mẹ́rin sí méjì. Àwọn òǹwòran tún ya wọ pápá, wọ́n sì lu Frank Chance, olórí Cubs, lọ́rùn bó ṣe ń sá lọ. Cubs lọ borí Detroit nínú World Series, ìdíje àṣekágbá láàárín ẹgbẹ́ tó gba líìgì ńlá méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ di gbogbo rẹ̀ ru Merkle, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín eré méjèèjì: Harry Coveleski, ajùbọ́ọ̀lù Philadelphia, borí Giants lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ká ní wọ́n gba ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yẹn, a kì bá máa sọ̀rọ̀ béèsì kejì rárá. John McGraw, olùdarí Giants, mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò lé ọmọ náà. Merkle bá Giants gbá títí di 1916, kó tó wá lọ gbá fún Cubs fúnra wọn.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ibẹ̀: wọ́n ti wó pápá náà lọ́dún 1964, ilé ìjọba fún àwọn olówó kékeré ló wà níbẹ̀ báyìí, Polo Grounds Towers, àmì irin kan sì wà lára ọ̀kan nínú wọn tó ń tọ́ka ibi tí ilé béèsìbọ́ọ̀lù wà. Ọkọ̀ ojú irin B tàbí D ló ń dúró ní òpópónà 155 nísàlẹ̀ àpáta. C ló ń dúró lókè. Ẹni tó bá gba òkè, kó wá àtẹ̀gùn John T. Brush lẹ́bàá Edgecombe Avenue, èyí tí Giants fi ta ìlú lọ́rẹ lọ́dún 1913, wọ́n sì ti tún un ṣe. Òun nìkan ló kù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ fún pápá náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa gbé èrò wọlé àti jáde láì gba orí koríko. Ó le díẹ̀ fún orúnkún, ẹ wọ bàtà tó dì mọ́lẹ̀ lásìkò òjò.